Ọjọ́ tí Òpìtàn Ilé Wa Sọ pé Òun Ṣì Í

Mo rántí ìgbà tí Bàbá Àgbà máa ń béèrè pé, "Ta ni ó wà níbẹ̀?" kí wọ́n tó la ẹnu sí ìtàn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, mo sì rò pé nítorí àìríran ni. Wọn yóò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ẹdẹ, wọn yóò na ẹsẹ̀ sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, àwa yóò sì máa dárúkọ ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin, obìnrin, àti àlejò bí ó bá wà. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ gbogbo wa tán ni ìtàn yóò tó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú kọ́ ni ó ń dùn wọ́n. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ó jókòó kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí ìtàn yóò gbà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó bí mi ni wọ́n, àwọn sì ni òpìtàn agbo ilé wa. Ẹni tí kò bá mọ ayé ìgbà náà lè rò pé eré ni iṣẹ́ òpìtàn, kí a jókòó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ dá ara wa lára yá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàlú ni, ọkọ̀ ojú irin kò sì tíì pẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orí Bàbá Àgbà ni ìwé ilẹ̀ wa wà. Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ gbé ìyàwó láti ìlú Ara, àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ yọ́ lọ bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ kò da ìdílé méjèèjì pọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jà lórí ẹni tí oyè kàn, ẹnu wọn ni ìjà náà ń parí sí. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni já wọn nírọ́ rí.

Èmi ni wọ́n yàn láti kọ́. Ojú ọ̀nà oko wa ní Alajue ni wọ́n ti kọ́ mi, kì í ṣe inú ilé. Wọn yóò dúró nídìí igi kan, wọn yóò fi ọ̀pá kàn án, wọn yóò ní kí n sọ ẹni tí ó gbìn ín, ẹni tí ó bí onítọ̀hún, àti ẹni tí ó jogún rẹ̀. Bí mo bá ń kọ ebè, wọn yóò ní kí n ka àwọn baba wa láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí n tún kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Bí mo bá fo ẹnì kan, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ìtàn kì í ṣe àgbàdo tí a ń dà sílẹ̀ fún gbogbo adìẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti lọ sí ilé ìwé àwọn onítẹ̀bọmi fún ọdún mẹ́ta, mo sì lè kọ̀wé díẹ̀. Ìgbéraga ìwé yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ra ìwé pélébé kan, ohunkóhun tí Bàbá Àgbà bá sọ lóko, n óò kọ ọ́ sínú rẹ̀ bí mo bá délé, n kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Mo ní bí wọ́n bá kú lọ́la, ohun gbogbo wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nínú agbo ilé náà, ẹgbẹ́ mi ni. Ìyá rẹ̀ ni ó fún mi lọ́mú nígbà tí ìyá mi ṣàìsàn. Òun ń kírun, èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà ni a ti ń jẹun. Ìtàn kò wù ú rárá. Bí Bàbá Àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ, oorun yóò gbé e. Bí ó bá sì rí mi tí mo ń ka orúkọ lábẹ́nu, yóò ní, "Ìwọ àti àwọn òkú rẹ. Ṣé wọ́n ti ra ọkọ́ fún ọ?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Bàbá Àgbà nìkan ni a wà lóko, wọ́n mú mi dé ìdí àwọn igi obì tí ó wà ní etí odò. Wọ́n wò yíká. Wọ́n ní ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀, tí ó sì gbin obì wọ̀nyí, ẹrú ni, tí baba ńlá wa mú bọ̀ láti ogun. Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, ó ṣe olóòótọ́, wọ́n fún un ní ọmọ ilé fẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ ní ilà ilé wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọlà náà ni gbogbo ilé mulẹ̀ pé ó di ọmọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní ẹrú mọ́, òun àti irú-ọmọ rẹ̀ títí ayé. Baba baba ọ̀rẹ́ mi ni ọkùnrin náà.

Mo bi wọ́n pé, bí a kò bá gbọdọ̀ sọ ọ́, kí ni ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Kí o lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹni tí ó mọ ìtàn pọ̀ nílùú. Ẹni tí ó mọ èyí tí a ń gbé mì ni òpìtàn." Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nígbà náà, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wò tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí a ń jà sí. Àwọn ará agbo ilé kan tí oko wa bá tiwọn pààlà ní àwọn ni wọ́n ni etí odò yẹn. Ẹjọ́ dé kóòtù. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tí ń ṣàkóso agbègbè wa, fúnra rẹ̀ yóò jókòó, ògbufọ̀ yóò máa túmọ̀, akọ̀wé yóò sì máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ọ̀fun Bàbá Àgbà sì wú lọ́sẹ̀ náà, wọn kò lè rìn, ohùn wọn kò ju ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí etí lọ. Èmi ni yóò lọ pìtàn. Kí n tó jáde, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló gbin obì yẹn, sọ pé bàbá wa ni. Má kọjá ibẹ̀." Ìwé pélébé náà ti wà lábẹ́ aṣọ mi.

Mo pìtàn lọ́jọ́ náà, kò sì sí ohun tí mo fò. Ọ̀rẹ́ mi jókòó láàárín àwọn ará ilé wa, ó ń mi orí sí mi bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jìjàkadì. Ìgbà tí mo dé ìdí obì ni ọkùnrin tí ń pìtàn fún àwọn alátakò wa dìde. Ó ní, "Bàbá wa, bàbá wa. Ṣé bàbá yín kò lórúkọ ni? Ìtàn tí kò lórúkọ, àlọ́ ìjàpá ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, Ajẹ́lẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òyìnbó yẹn ni ó bà mí jẹ́. Mo fa ìwé mi yọ, mo sì kà á síta: orúkọ ọkùnrin náà, ogun tí wọ́n ti mú un, ẹni tí ó mú un, àti pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹrú, ti olówó rẹ̀ ni. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi bí mo ti ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ gbogbo àwọn tí ó jókòó lórí àga lọ́jọ́ náà. N kò ní kọ wọ́n. Mo ti kà wọ́n síta lẹ́ẹ̀kan jù.

Wọ́n dá wa láre. A ń kọrin bọ̀ wálé, inú mi dùn dé ibi pé n kò tètè rí i pé ọ̀rẹ́ mi kò sí láàárín wa. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí àwọn àgbà ilé wa. Wọn kò kọrin.

Ẹyin lohùn. Kò tó ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹjọ́ náà tí àwọn ẹbí fi jókòó láti pín etí odò fún àwọn tí yóò gbin kòkó. Àbúrò bàbá mi kan sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé a kì í pín ilẹ̀ fún ẹni tí ó jẹ́ ara ogún. Ọ̀rẹ́ mi dìde. Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ ojú irin, kí ẹnikẹ́ni má wá òun. Ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó wò mí, ó ní, "O mu ọmú mi," ó sì padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Àgbà ní kí wọ́n gbé àwọn jáde, kí wọ́n sì pe gbogbo ilé. Wọ́n rán ènìyàn lọ dá ọ̀rẹ́ mi padà lójú ọ̀nà, ó sì wá dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù lórí. Bàbá bi wá pé ta ni ó wà níbẹ̀. A dárúkọ ara wa. Ohùn wọn kò jáde dáadáa, gbogbo wa ní láti sún mọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ogbó ti dé sí mi. Mo da ìtàn ilé míràn pọ̀ mọ́ tiwa, mo sì fi kọ́ ọmọ yìí. Ẹni tí ó gbin obì yẹn, ọmọ bíbí ilé yìí ni. Mo ṣì í."

Àbúrò bàbá mi ní, "Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣì í?"

Bàbá gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Ìwọ ọmọ, ìwọ ni o kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Ṣé n kò ṣì í?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo mọ̀ pé orúkọ òpìtàn tí kì í ṣì í ni wọ́n ń fi sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ kí n fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ ṣì í, Bàbá."

Wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀ ọ́. Wọ́n pín ilẹ̀ náà fún un bí wọ́n ti pín in fún àwa yòókù. Àwọn alátakò wa gbọ́, wọ́n ní arúgbó náà ti ń ṣarán, ṣùgbọ́n ohun tí akọ̀wé kọ ti kọ, ẹjọ́ kò sì yí padà. Mo fa ìwé mi ya lọ́jọ́ náà gan-an. Ti kóòtù wà níbi tí ó wà, bí ikán kò bá tíì jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tí ó wá bi Bàbá Àgbà léèrè ohunkóhun mọ́. Bí wọ́n bá ń wádìí ìdílé ìyàwó, wọn yóò gba iwájú wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọn yóò kàn jókòó sínú oòrùn. Bí àwọn ọmọdé bá ń kọjá, àwọn kan yóò máa sọ pé bàbá tó gbàgbé nìyẹn. Wọ́n lo ìkórè méjì báyìí, wọ́n kú. Ọ̀rẹ́ mi ni ó wẹ̀ wọ́n.

Òun náà ti lọ báyìí. Oṣù kẹta nìyí. Nígbà tí àìsàn náà dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ òun jáde, kí èmi dúró. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà rí. Ó bi mí pé, ṣé òótọ́ ni ohun tí mo kà ní kóòtù. Mo ní Bàbá ti sọ pé àwọn ṣì í.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bàbá kò ṣì í rí láyé wọn." Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n bá òun tún ìrọ̀rí ṣe.

Nígbà ìsìnkú, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé wá bá mi, wọ́n fẹ́ tẹ ìtàn ìdílé rẹ̀ sínú ìwé. Mo bi wọ́n pé ta ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n dárúkọ ara wọn, àwọn ọmọ dáadáa. Mo ka àwọn baba ilé wa fún wọn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mo fi baba baba ọ̀rẹ́ mi sí ipò tí Bàbá Àgbà fi í sí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún un kà, kí àwọn má baà ṣì í. Mo tún un kà fún wọn. Ohùn mi kò gbọ̀n.