Ṣubúọlá Gbé Maṣíìnì Padà

Àwọn kan n'Ísọlọ̀ ṣì ń sọ pé olóríkunkun ni Ṣubúọlá Ògúnlànà. Irọ́ ni wọ́n ń pa, aṣọ tó rán ló sì wà lára wọn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, Bàbá Bíọ́dún tó ń ta pákó ní Ṣógúnlé, ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán. Ó sanwó ọ̀gá rẹ̀, ó sì ra maṣíìnì àfọwọ́yí fún un lọ́dún tí a gba òmìnira. Ṣubúọlá ń kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń gbàdúrà fún un lẹ́yìn ìrun. Bíọ́dún, ọmọ Bàbá Bíọ́dún, ju Ṣubúọlá lọ lọ́jọ́ orí.

Ní ọdún kejì, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Bàbá Bíọ́dún kó Ṣubúọlá àti bàbá rẹ̀, Ògúnlànà, lọ wo sinimá ní Òṣòdì. Sinimá àtijọ́ ni, ti òyìnbó tó ń kọrin, tó ń jó lórí tábìlì. Olówó kan rán ọmọbìnrin alágbàfọ̀ rẹ̀ lọ kọ́ orin. Nígbà tí ọmọ náà mú ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ wá hàn án, olówó kó gbogbo bàtà àti aṣọ tó ti rà fún un síta, ó ń fi wọ́n kọrin.

Ọkùnrin tó ń túmọ̀ fún èrò gbóhùn sókè pé, "Ó ní, èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo ni ọ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Bíọ́dún fi ìgúnpá gún Ògúnlànà, ó ní bíi ti òun àti Ṣubúọlá gan-an nìyẹn. Ògúnlànà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé Ṣubúọlá ìdí tí ìyàwó Bàbá Bíọ́dún kì í fi dá a lóhùn tó bá kí i: orogún ló kà á sí. Ojú tì í, inú sì bí i. Ọmọbìnrin inú sinimá fẹ́ olówó níkẹyìn, wọ́n sì jó. Inú bí èmi náà tí mò ń sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ṣubúọlá ṣu òṣùká, ó gbé maṣíìnì rù, ó wúwo bí ọlọ, ó sì dorí kọ Ṣógúnlé. Ní Bọ́ládé, lójú ọ̀nà Òṣòdì, ni bàbá rẹ̀ ti fi kẹ̀kẹ́ bá a. Ó ní kó padà sílé, ṣé ó fẹ́ dójú ti òun ni, ṣé kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ti ná lé e lórí. Ṣubúọlá ò sọ ẹrù kalẹ̀.

"Mo mọ̀, Bàámi. Ìdí tí mo fi ń gbé e padà nìyẹn. Màá máa fọwọ́ ránṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín lánàá?"

Èrò ń kọjá, wọ́n ń wò wọ́n. Ògúnlànà rí ọrùn ọmọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù náà. Ó na ọwọ́ sókè, ó sọ maṣíìnì kalẹ̀ fún un, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ṣubúọlá di kẹ̀kẹ́ mú gírígírí, kí bàbá rẹ̀ má baà darí rẹ̀ sí Ìsọlọ̀.

"Fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀," bàbá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ni màá sọ fún un pé a ò ṣe mọ́."

Wọ́n jọ ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ṣógúnlé.