Ẹni Tó Ń Ta Béèsì Lẹ́yìn Ògiri Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo rò pé ọjà Ìtòkú ni gbogbo ayé parí sí, ẹ̀yìn ògiri ni mo ti kọ́kọ́ mọ orin rọ́ọ̀kì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo ń gbé ní Abẹ́òkúta. Aláró ni wọ́n, wọ́n sì to àwọn ìkòkò aró wọn ti ògiri yàrá ayálégbé kan lẹ́yìnkùlé. Ọ̀dọ́kùnrin ni ayálégbé yìí, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lọ́nà Papalanto ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ̀dá oní-sìmẹ́ńtì ni mo sì ń pè é. Ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, láti àárọ̀ ni yóò ti máa gbé àwo orin sórí ẹ̀rọ.

Ògiri amọ̀ ilé wa nípọn. Kì í jẹ́ kí ohùn akọrin kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí gìtá tó ń han gooro kọjá. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ráyè jáde, tó máa ń dún dùn-ùn, dùn-ùn, títí tó fi ń wọ̀ mí láyà níbi tí mo bá ti ń fọ igbá aró. N kò mọ̀ pé orin mìíràn wà lórí rẹ̀ rárá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó ń ta á mọ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀kan wà tó máa ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ wálé. Ọ̀kan wà tí tirẹ̀ le, tó máa ń kùn ṣáá. Ẹnì kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí ó máa ń dákẹ́ lójijì, èmi náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, màá máa retí rẹ̀ títí yóò fi padà wọlé. Ta ni wọ́n? Kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo bá lọ bi bọ̀dá oní-sìmẹ́ńtì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní gbogbo ẹni tó ń wọ yàrá òun, akọrin ni wọ́n ń bèèrè, kò tíì sí ẹni tó bèèrè ẹni tó ń ta béèsì. Ó kó páálí àwọn àwo náà kalẹ̀, ó fi béèsì hàn mí nínú àwòrán ara wọn, gìtá olókùn mẹ́rin tó nípọn. Ẹ bá mi wò ó o, nínú gbogbo àwòrán yẹn, ẹni tó gbé e dání kì í sún mọ́ iwájú, ẹ̀gbẹ́ onílù ló máa ń dúró sí. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìka lásán ni asáré yẹn fi ń ta á, nínú irú rọ́ọ̀kì tó le jù tí gbogbo gìtá ń pariwo, síbẹ̀ kì í ṣìnà. Ó ní akùn-ṣáá ní tirẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí ẹ̀rọ sókè títí ohùn rẹ̀ á fi ya. Ẹni tó ń dákẹ́ yẹn ńkọ́? Ó ní kì í ṣe òyìnbó rárá, ọmọ Nàìjíríà ni, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta rọ́ọ̀kì ní Ìlà-Oòrùn lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ẹnu yà mí, nítorí nínú ọkàn mi mo ti fún ọkùnrin náà ní irun gígùn àti imú tó gùn.

Àsìkò yẹn gan-an ni aró ìyá mi àgbà kọ̀. Aṣọ tí wọ́n bá rì bọ̀ ọ́ á jáde ní àwọ̀ tó ṣá, àwọn oníbàárà sì ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláró mìíràn. Ẹ̀yin ò mọ aró. Ó gbọ́dọ̀ tòrò, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan tí orin ń lọ, ìyá mi àgbà gbé ọwọ́ lé ìkòkò, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Wọ́n ní ó tán, àwọn ti rí ẹni tó ń ba aró àwọn jẹ́. Àwọn aláró ẹgbẹ́ wọn náà ní òótọ́ ni, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí kí ẹ̀rọ yẹn tó dé. Ìyá mi àgbà bá ní kí bọ̀dá oní-sìmẹ́ńtì wá yàrá mìíràn kí oṣù tó parí.

Mo sunkún. Ta ló máa gbà á pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn? Òun kò bá wọn jiyàn, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ, pé kí Màmá wá gbọ́ ohun tó ń lé òun jáde nílé.

Ìyá mi àgbà wá lóòótọ́. Wọ́n kọ àga, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ aláró wọn tó ti dú lé sípíkà. Ó fi asáré sí i, wọ́n bi í pé kí ló ń lé e. Ó fi akùn-ṣáá sí i, wọ́n fa ọwọ́ yọ, wọ́n ní kó gbé e kúrò. Nígbà tí ẹnì kẹta wọlé, wọ́n pa ojú dé. Ohùn náà dákẹ́, ìka wọn gbéra. Ó padà, ìka wọn bá a padà.

Wọ́n ní, “Ẹni yìí mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti dákẹ́. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù pé a ó gbàgbé wọn.”

Síbẹ̀ wọn kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà, iṣẹ́ niṣẹ́. Bọ̀dá oní-sìmẹ́ńtì kó àwo rẹ̀ sínú páálí, ó ń wá yàrá kiri, ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Aró náà kò mú. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, kò mú síbẹ̀. Ìyá mi àgbà bá fi ahọ́n tọ́ omi eérú tí wọ́n fi ń po aró wò, gẹ́gẹ́ bí aláró ṣe máa ń ṣe, ojú wọn sì yí padà. Omi náà kò ta lẹ́nu mọ́. Òjò ti pa eérú tí wọ́n rà wá láti Owódé kó tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n ra òmíràn, aró sì mú.

Ìyá mi àgbà kì í bẹ ọmọdé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Lọ sọ fún un pé aró ti tòrò. Kó tú páálí rẹ̀, kó fi ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ yẹn sí i.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti kí i nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀.

Ayé ti yí padà báyìí. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ilé, kálukú sì ń ki orin tirẹ̀ bọ etí ara rẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi í ba aró ẹnikẹ́ni jẹ́. Ní ìjelòó, mo gba ẹyọ íápíìsì kan létí ọmọ-ọmọ mi, mo ki í bọ etí tèmi. Orin náà dùn, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn dáadáa. Mo bi í pé ta ló ń ta béèsì yìí.

Ó wò mí, ó ní, “Màmá, ṣé èèyàn ló ń ta ìyẹn ni? Mo rò pé ẹ̀rọ ni.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ká jọ wá ẹni náà.