Ibi Tó Tẹ̀ Wọnú Lára Ọkọ̀ Mi

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan ni mo fi ọkọ̀ gbá ìyá kan ní Malu Road. Mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Àpápá, tírélà kan sì ń fún mi mọ́ etí títì. Bí mo ṣe ń yà fún un ni mo gbọ́ "gbì!" níwájú ọkọ̀. Ìyá tó ń kiri ọsàn ti ṣubú, ọsàn rẹ̀ ń yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tírélà. Kí n tó bọ́ sílẹ̀, ó ti dìde, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ máa lọ, ọ̀gá."

Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo lọ. Kí n má purọ́, ara tù mí pé ó ní kí n máa lọ.

Ìgbà tí mo délé ní Ajégúnlẹ̀ ni mo rí i pé bọ́ńpà iwájú ti tẹ̀ wọnú, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mi ò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lu ara ọkọ̀. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni ohun tí mo gbá. Mo bá jókòó ti fóònù, mò ń wo fídíò àwọn tó ń tún tiwọn ṣe nílé. Wọ́n ní omi gbígbóná máa ń mú kí bọ́ńpà oníke rọ̀, kéèyàn wá ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kó tì í síta.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé omi síná. Èyí tí mo kọ́kọ́ dà sí i kò gbóná tó. Ìkejì bó mi lọ́wọ́. Ìkẹta ló dún "pọ́!" tí ibẹ̀ sì jáde padà, ó ń dán bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó rí ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, kí lẹ gbá?"

Mo sọ fún un. Kò pariwo.

"Ike tó le tó báyìí tẹ̀. Ara èèyàn wá ń kọ́?"

Ọjọ́ yẹn gan-an la padà sí Malu Road. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà létí títì ló júwe ilé ìyá náà fún wa, ní Ìjọra Badia. A bá a lórí ẹní, kò lè yí ara padà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fi róòbù ra ìbàdí rẹ̀.

"Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kò sí nǹkan?"

"Èrò ti pọ̀ jù, ojú ń tì mí. Ọsàn mi ni mo sì ń wò."

A gbé e lọ sí ọsibítù. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti sán, dókítà sì ní bó ṣe fi ẹsẹ̀ rìn délé ló dá kún un.

Ó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ṣùgbọ́n kò lè kiri mọ́. Tí mo bá lọ kí i, ó máa ń gbàdúrà fún mi kí n tó kúrò. Ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àmín.