Ọrùn Àwọn Òròmọdìẹ Mi

Bí òórùn eérú àti ìgbẹ́ adìẹ bá pàdé nínú ooru ọ̀sán, ẹ̀yìnkùlé mi ní Òkè-Ìmẹ̀sí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti adìẹ kan tí mo fi pamọ́ sábẹ́ àgò lẹ́yìn ilé ìdáná. O lè fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí àwọn ajínigbé tú mi sílẹ̀. Inú takisí ni wọ́n ti kó wa lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Nínú igbó, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá: ẹni mélòó ló ń gbé ilé yín? Kí lẹ ń sìn? Mo sọ òtítọ́, òtítọ́ tí mo sọ náà ni wọ́n sì fi díye lé mi. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan, àyà mi á kọ́kọ́ já.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọmọbìnrin kan láti yunifásítì wá kanlẹ̀kùn, tòun ti ìwé àti òṣùwọ̀n kékeré. Ó ní àwọn ń wá irú adìẹ ìbílẹ̀ tó lè fara da ooru, tó sì tún lè tètè dàgbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí. Ajínigbé tó jókòó tì mí nínú takisí lọ́jọ́sí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà dùn. "Adìẹ mélòó lẹ ní, mà? Ta ló ń tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀?" Àkùkọ kan àti adìẹ dúdú méjì ni mo fi hàn án. Èyí tó dára jù, abọ́lọ́rùn tí kò ní ìyẹ́ kankan lọ́rùn, ìran adìẹ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo ti dé àgò mọ́ ọn, mo sì ti da ẹní bò ó kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo ní adìẹ dúdú ló ni àwọn òròmọdìẹ tó ń sáré kiri.

Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó wọn àwọn òròmọdìẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rẹ́rìn-ín. "Mà, ìyá àwọn mẹ́rin yìí kò sí nínú àwọn tí ẹ fi hàn mí. Abọ́lọ́rùn kan wà nílé yìí." Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa adìẹ yẹn: aránṣọ kan tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun, tí ilẹ̀kùn kan já láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé mi. Òun kan náà ló fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀ yọ ẹ̀gún kúrò lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo ti igbó dé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ abọ́lọ́rùn yìí gan-an ni mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ọ̀hún.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilẹ̀kùn yìí bàjẹ́ ni?" aránṣọ náà bi mí.

"Kò bàjẹ́. Bi ẹnu rẹ."

"Ẹ̀bà ló wà lẹ́nu mi báyìí. Tó bá gbé e mì, màá bi í."

N kò rẹ́rìn-ín. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, n kò dá a lóhùn ìkíni. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ó ń fi í pe ẹnì kan ni.

Ọmọbìnrin náà tún dé. Mo bi í lójúkojú pé ta ló sọ fún un. "Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, mà." Ó gbé òròmọdìẹ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wo ọrùn rẹ̀. Ó ní irú ọrùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wá. Bí kò bá sí lára ìyá, á wà lára bàbá. "Àkùkọ yín níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn. Mo sì ti wo gbogbo àkùkọ àdúgbò yìí, kò sí abọ́lọ́rùn nínú wọn. Ṣé ojú ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́ ni?" Ó ní ọrùn tó wà níhòòhò yẹn ni ooru ara wọn ń gbà jáde. Lóòótọ́, bí àwọn tó kù ṣe ń lanu mí hẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, àwọn mẹ́rin yẹn ń jẹun lọ ní tiwọn, wọ́n sì ti wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

"O ò bi aránṣọ yẹn ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi wọ́n. Wọ́n ní aṣọ làwọn ń rán, àwọn kì í ka adìẹ ẹlẹ́dìẹ."

Mo ṣí àgò fún un. Lẹ́yìn tó lọ, mo yọ àgádágodo náà, mo sì gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé. Aránṣọ kò gbójú sókè níbi ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi wí ni?" Mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì àgádágodo náà lé orí aṣọ tó ń rán.

Títí dòní, n kì í sọ iye àwa tó ń sùn nínú ilé mi, n kò sì ní sọ ọ́ fún ìwọ náà. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára mi. Àwọn ará igbó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò fi kí ẹni tó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi, wọn kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ara mi.