Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Ẹyẹ Orí Àkàbà

Ẹni tó bá ń wá Ìyá Abẹ́rẹ́, kó wá ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aago, kó gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Kó rọra tẹ̀ ẹ́ o, torí àtẹ̀gùn yẹn máa ń kérora ju àwọn aláìsàn tó ń gùn ún lọ. Yàrá kan péré ló wà lókè. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àga onígi gígùn kan fún àwọn tó ń dúró, àti fèrèsé kan tí aṣọ ẹ̀ funfun bíi wàrà. Oòrùn ọ̀sán máa ń gba ibẹ̀ yọ́ wọlé bí ẹni tí ò fẹ́ kanlẹ̀kùn. Nísàlẹ̀, àwọn aago Bàbá Aago á máa dún ko-ko-ko, ìkan ò bá ìkejì mu. Téèyàn bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn tó ń gbọ́ wọn, kò ní mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀sán ló ń lọ àbí ọdún.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ò tètè yé àwọn ará àdúgbò. Abẹ́rẹ́ ni, àmọ́ kò sí oògùn nínú ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbẹrẹfu. Ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun, inú bébà ló ti máa ń já a, tó bá sì lò ó tán, inú agolo ló ń lọ, kì í gún ẹlòmíì mọ́. Bíríkìlà kan tí ẹ̀yìn ń dùn wá síbẹ̀ nígbà kan. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wá fi ohùn rẹ̀ tó nípọn bíi sìmẹ́ǹtì béèrè pé, “Ìyá, omi ẹ̀ dà?” Ìyá Abẹ́rẹ́ ní kò lómi. Ó ní ṣé nítorí ihò lásán lòun ṣe gun gbogbo àtẹ̀gùn yìí. Obìnrin náà ní kó dojú bolẹ̀, pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bíríkìlà dojú bolẹ̀, ó sùn lọ fọnfọn, itọ́ ẹ̀ sì rin aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó máa padà wá, ìyá ìyàwó ẹ̀ tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ló fà dání.

Ẹ̀yìn ríro, orúnkún, ẹ̀fọ́rí tí kì í lọ bọ̀rọ̀, oorun tó kọ̀ tí ò wá, irú wọn ló máa ń gun àtẹ̀gùn yẹn. Àwọn kan á ní ara ti fúyẹ́, àwọn kan á ní kò sí ìyàtọ̀. Kì í bá wọn jiyàn. Tó bá jẹ́ ibà, tàbí nǹkan tó ń wú, ọ̀nà ọsibítù ló máa nawọ́ sí kíá. Tó bá ti ki abẹ́rẹ́ bọ ara èèyàn, á dákẹ́, á tẹ́tí bí ẹni tó ju ìwọ̀ sódò. Á yí i díẹ̀, á dúró. Ṣàdédé ni nǹkan kan máa fà á látinú, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á ní ibẹ̀ wúwo, ó ń rìn lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ á mi orí, á ní, “Ó ti jẹ.” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, bíi pé ẹja wà lára wa, tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri tí a ò mọ̀.

Aṣọ ló ń lọ̀ tẹ́lẹ̀, nílé alágbàfọ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù sọ orí ẹ̀ di ilé ẹ̀fọ́rí, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń gún abẹ́rẹ́, tí ò sì léyín kan lẹ́nu. Ẹ̀fọ́rí lọ, òun ò lọ mọ́. Ó jókòó kọ́ṣẹ́. Ìyá arúgbó yẹn kọ́ ọ ní gbogbo ojú ibi táa ti ń gún, ó wá kìlọ̀ kan fún un, pẹ̀lú ètè tó ń wọnú bí àpò tí wọ́n fà lókùn: “Ẹni tóo bá ti ń gbọ́ híhanrun ẹ̀, má gún un. Ọwọ́ tó bá ń bẹ̀rù ò mọ̀nà.” Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, màmá, gbogbo wọn ló ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ta ni ká wá máa gún? Arúgbó pòṣé. Ó ní híhanrun ilé lòun ń wí.

Híhanrun ilé, ọkọ ẹ̀ ló ni ín. Akùnlé ni ọkùnrin náà. Láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ orí àkàbà ló ń gbé, pẹ̀lú róòlà lọ́wọ́ àti fìlà tí ọ̀dà oríṣiríṣi ti bò dé etí, á sì máa súfèé. Gbogbo àdúgbò mọ súfèé ẹ̀. Ẹyẹ Orí Àkàbà ni wọ́n ń pè é. Nírọ̀lẹ́, tó bá dé ìkángun òpópónà, á sú èyí tó gbẹ̀yìn: ohùn mẹ́ta, ìkan sókè, ìkan sísàlẹ̀, ìkẹta á wá rọra fà bí ẹni tó ń yán. Ìgbà yẹn ni ìyàwó ẹ̀ máa gbé omi ìwẹ̀ kaná, kí ọ̀dà lè bọ́ lára ẹ̀. Tó bá wọlé, obìnrin náà á ní, “Ariwo ẹyẹ yìí ò ní pa wá nílé yìí.” Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti jọ ṣeré, nítorí náà ìwọ-ìwọ ni wọ́n ń bára wọn sọ. “Ìyá wọn”, “bàbá wọn”, bí wọ́n ṣe ń pera wọn nìyẹn; àwọn ọmọ fúnra wọn ti lọ sílé ọkọ.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà bomi sẹ́nu láti yọ ẹnu, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ kan dà sílẹ̀. Ó wo díńgí. Apá kan ojú ẹ̀ ń wò ó, apá kejì ti sọ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà, tó máa ń gba imú sọ̀rọ̀ bíi pé ó fẹ́ sín, ní kì í ṣe ẹ̀gbà, iṣan ojú kan ló wú, kó máa lo oògùn oníhóró yìí, kó máa fi téèpù dé ojú tí ò lè pa dé tó bá fẹ́ sùn. Ó ní ó lè padà fúnra ẹ̀. Ó lè pẹ́. Ẹlòmíì sì wà tí tiẹ̀ kì í padà tán.

Ló bá di pé ẹyẹ ò ké mọ́. Ọkùnrin náà lo oògùn ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó padà síbi iṣẹ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀, fùù, bíi táyà tó ń jò. Nírọ̀lẹ́, ìyàwó ẹ̀ á kàn déédéé rí i lẹ́nu ọ̀nà ni, omi ò tíì sí lórí iná. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wá wọ ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Tó bá fẹ́ gún èèyàn, á ṣàdédé máa tẹ́tí sí ìta, abẹ́rẹ́ á yà. Ìyá ìyàwó bíríkìlà fẹsẹ̀ janlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé wọ́n ń wá ẹja ni àbí wọ́n ń wa kànga. Obìnrin náà tọrọ àforíjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀. Bí abẹ bá mú, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀, ó mọ̀. Àmọ́ bí súfèé ò bá padà, ọwọ́ ò ní padà, bí ọwọ́ ò bá sì padà, yàrá yìí ti kú nìyẹn.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Òfin arúgbó ní kó má gún ará ilé. Kò ní kó má gún àlejò. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé tó bá fẹ́ kóun gún un, kó má wá bí ọkọ. Kó gun àtẹ̀gùn bí gbogbo ayé, kó jókòó sórí àga, kó dúró de ìgbà tí wọ́n máa pè é. Ọkùnrin náà, eré ló fẹ́ràn jù láyé, ó gbà.

“Ẹni tó kàn,” ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí àga.

Ọkọ ẹ̀ dìde, ó tún fìlà ṣe. Ètè ẹ̀ tó ti dẹ̀ ò lè di ọ̀rọ̀ mú dáadáa. “Ẹ káàsán o, Ìyá Awẹ́rẹ́.”

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?”

“Ilé ni mò ń kùn.”

“Ẹ níyàwó?”

“Mo ní. Òun náà máa ń gún èèyàn. Ẹnu ló ń lò ní tiẹ̀.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ gé ètè ara ẹ̀ jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àlejò ẹ̀ yọ ahọ́n, ó wò ó. Ó di ọwọ́ wọn mú, ó tẹ́tí sí iṣan. Ó wá béèrè ohun tó máa ń bi gbogbo èèyàn: oorun ńkọ́?

Eré kúrò lójú ọkùnrin náà. Àwọn aago nísàlẹ̀ ń bára wọn jiyàn. Oòrùn ti rìn dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

“Oorun ò wá,” ó wí. “Nírọ̀lẹ́, mo máa ń dúró níkángun òpópónà wa. Màá sú u, kò ní jáde. Màá tún sú u. Tójú bá tì mí tán ni mo máa ń wọlé.”

“Ẹ ò sọ fún ìyàwó yín?”

“Kí ni n fẹ́ sọ? Kò fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ariwo ẹyẹ ló ń pè é.”

Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́, ó dúró lófuurufú. Àlejò lèèyàn lè sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún. Ọkọ ẹ̀ ò sọ irú ẹ̀ fún un rí nílé.

“Ìyàwó yín ò lè jókòó nírọ̀lẹ́ tí ò bá tíì gbọ́ ọ,” ló wí, ó ń wo fèrèsé. “Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ gun àkàbà ni ò ti lè jókòó. Súfèé yẹn ló fi ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀.”

Ọkùnrin náà yíjú sí i. Ojú kan ń ṣẹ́jú, ìkejì ò ṣẹ́.

“Kò sọ ọ́ fún mi rí.”

“Ẹ ò bi í.”

Ìyá Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ó gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ ibi tí ètè ti sọ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó mú un kúrò, ó tún gbé e wá, ó ń gbọ̀n. Ni ọkọ ẹ̀ bá fa ètè wọnú, ó mú ohùn arúgbó tí ò léyín yẹn, ohùn tí ìyàwó ẹ̀ ti ń sín jẹ fún un nílé láti ọjọ́ pípẹ́: “Ọwọ́ tó bá ń bẹ̀rù ò mọ̀nàààà.” Ẹnu tó wọ́ yẹn wá jẹ́ kó rí bí arúgbó gẹ́lẹ́, ó kù kó pòṣé. Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tẹ́rìn-ín máa tán, abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ó yí i díẹ̀, ó dúró. Omi inú ara dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà nǹkan kan fà.

“Ó ti jẹ,” ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọkùnrin náà ń gun àtẹ̀gùn, “Ẹ káàsán,” “Ẹ káàsán, sà.” Abẹ́rẹ́ níwájú etí, abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè, ìkan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Á sùn, Ìyá Abẹ́rẹ́ á jí i. Ojú tí ò pa dé bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń rọra tì. Omi ò dà lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Dókítà onímú ní oògùn òun ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá Aago, tí kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní àsìkò ni, àsìkò ni. Kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó ń tún aago ṣe wí? Ìyá Abẹ́rẹ́ ò bá ẹnikẹ́ni du ú. Súfèé ni ò tíì padà, òun ló ń retí, kò sì bi àlejò ẹ̀ léèrè.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ayé rí bíi pé wọ́n fi omi ọ̀dà funfun kùn ún. Ọkùnrin náà ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ yí ẹnu ẹ̀ ká bí irùngbọ̀n ológbò. Ọ̀dà bulúù díẹ̀ wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀. Ó ń hanrun. Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ́tí. Láti ìgbà tí ojú ti wọ́, híhanrun náà ti ń wọ́, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde bí ọkọ̀ tí táyà ẹ̀ kan ti jò. Lónìí, ó gba àárín, ó lọ tààrà. Híhanrun ilé ni. Ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe. Ó gbàgbé pé àlejò ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ó ní, “Sùn dáadáa, bàbá wọn,” ó gbé báàgì ẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ni ilé wọn wà, fèrèsé ilé ìdáná wọn kọjú sí fèrèsé yàrá òkè. Ó da omi sínú ìkòkò, ó tan iná. Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó dúró, ó ń wo èéfín omi tó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ara ẹ̀ balẹ̀ bí ara ẹni tó ń lá àlá. Nǹkan kan ṣáà ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò mọ ohun tó jẹ́. Omi ti wà lórí iná. Ta ló wá súfèé, tóun fi gbé omi kaná?

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ. Ó tín-ín-rín. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ohùn kan gòkè, ó ṣubú lágbedeméjì, ó tún dìde. Ohùn kejì sọ̀kalẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àkàbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba. Ìkẹta ò wá.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ lé àyà. Kò fi èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rí láyé ẹ̀. Ó sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Bàbá Aago ti dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó na ìka sókè, ó ní, “Ó ń pè ọ́, ó ń pè ọ́.” Àtẹ̀gùn kérora títí tó fi dókè.

Ọkọ ẹ̀ ò mira. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ mira, kò sì lè pariwo kí abẹ́rẹ́ má baà gún un ní àgúnyà. Súfèé nìkan ló kù tó lè ṣe. Ojú ẹ̀ méjèèjì yí sí ìyàwó ẹ̀.

“Ìyá wọn,” ó wí láìya ẹnu, “o gbàgbé mi sórí àkàbà.”

Obìnrin náà ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ti iwájú etí, ti ẹ̀gbẹ́ ètè, ó ń jù wọ́n sínú agolo. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Nígbà tó yọ èyí tó kẹ́yìn, ó ní kó tún un sú, kóun gbọ́ ìkẹta.

Ọkọ ẹ̀ ká ètè jọ. Ẹ̀rín gbé e, ètè tú ká, fùù. Ó tún ká a jọ, ẹ̀rín ìyàwó ẹ̀ tú u. Ètè tó ń rẹ́rìn-ín kì í súfèé. Wọ́n sì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, aago ń dún nísàlẹ̀, omi ìwẹ̀ ń hó nílé, ó ń gbẹ lọ.