Aago Mélòó Lo Jí Lánàá?

"Aago mélòó lo jí lánàá?" Gbogbo Sátidé ni Uncle tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ní Peckham, ní London, máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn. Lónìí, ọpẹ́ ni mò ń dú.

Àwọn ilé iṣẹ́ ló ń gba Uncle síṣẹ́ láti wá kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń ṣí ìsọfúnni, tí àwọn ilé iṣẹ́ náà fi pamọ́ sínú áàpù wọn, kí olè má baà kọ́kọ́ rí i. Àwọn tó ṣe áàpù á ti ta kóòdù rẹ̀ ní kókó débi pé ojú ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Uncle á rọra bu tíì atalẹ̀ sínú ife, á ní:

"Má tú u. Máa bi í ní ìbéèrè léraléra, kí o wo ohun tó ń yí padà àti ohun tí ò yí. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Lọ́dún kejì mi ní yunifásítì, mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo bá yéé lọ. N ò sọ fún ẹnì kankan. Àràárọ̀ ni Mummy ń di oúnjẹ fún mi. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Sydenham, níbi tí n ò ní iṣẹ́ kankan, ni mo ti ń jẹ ẹ́.

Ní Sátidé kan, Uncle dúró dè mí níbi tí a ń bọ́ bàtà sí.

"Tẹ́lẹ̀, wàá ní aago mẹ́fà lo jí, wàá ní mẹ́sàn-án, wàá tún máa kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, méje géérégé lò ń sọ. Ọmọ mi, ṣé o ṣì ń lọ school?"

Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a jọ lọ bẹ àwọn olùkọ́ mi, wọ́n sì gbà mí padà. Ọjọ́ tí mo gboyè ni mo tó fẹnu ara mi jẹ́wọ́ fún Mummy. Mummy yíjú sí Uncle tó wà níbẹ̀: "Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi?"

"Kọ́kọ́rọ́ tí mo bá rí," Uncle ní, "ẹni tó ni ín ni mo máa ń fún."