Ìyá Táyà Kò Jókòó

Ẹ má fi Ìyá Táyà wé ẹnikẹ́ni lójú mi o. Ẹ̀gbẹ́ ilé epo ló ti ń lẹ táyà láti ìgbà tí àwa kan ò tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ṣòkòtò dúdú nídìí, girísì lábẹ́ èékánná. Bí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá dípẹtà, tí àwọn ọkùnrin bá fi sípánà bá a jà títí tó fi sú wọn, òun ni wọ́n ń pè. Á tú u, á nu ọwọ́, á tún máa bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ. Ohun tó fi ń yangàn láyé nìyẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Àmọ́ ara rẹ̀ ti tóbi jù. Orúnkún ń dùn ún, bó bá lóṣòó ti ọkọ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń fà á dìde. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà náà ti fẹ́ máa yọjú. Ni dókítà bá kọ abẹ́rẹ́ kan fún un tí yóò máa gún sí ikùn ara rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ebi má máa pa á jù, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè wálẹ̀.

Háà, abẹ́rẹ́ yìí ṣiṣẹ́! Ebi tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Tíì láàárọ̀, búrẹ́dì díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó parí. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, ó ń fi okùn dì í, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Mi ò fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀ o," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Abẹ́rẹ́ ti bá mi jẹun!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ti di ọmọge padà.

Orúnkún fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fúyẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́, òòyì sì ń kọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé táyà, ó ń bá a yí jáàkì, ó ń ní, "Ẹ sinmi, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá Táyà ò fura sí i. Ìfẹ́ ni, ta ló máa bá ìfẹ́ jà?

Àfìgbà tí awakọ̀ kan gbé ọkọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀tì tí kò tilẹ̀ le ni. Ìyá Táyà fi sípánà sí i, ó tẹ̀ ẹ́, kò mì, sípánà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ mú un nílẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì náà wàràwàrà. Nígbà tí awakọ̀ lọ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n máa ṣe ti ìdí ọkọ̀. Ẹ máa jókòó síwájú, kẹ́ ẹ máa dá oníbàárà lóhùn."

"Èmi? Kí n jókòó?" Bí ẹni pé wọ́n gbá a létí ló rí. Bí wọ́n bá gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tó ń jẹ́ Ìyá Táyà?

Ló bá gba ilé ìwòsàn lọ láti lọ sọ fún wọn pé òun ò gún abẹ́rẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀, ọmọ tó lè bí ni.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́."

Ọmọ náà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ di ọwọ́ mi mú, kẹ́ ẹ fún un pẹ̀lú gbogbo agbára yín." Ìyá Táyà fún un títí ó fi ń mí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Mà, ara yín fúyẹ́. Ara yín ò le."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Láti kékeré ló ti ń dáhùn "ara le" bí ẹni ń húkọ́, kò sì ronú kàn án rí pé líle ni wọ́n ń bèèrè, líle gidi, bíi ti táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pé.

"Kí lẹ jẹ lónìí?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan!" Ó tún ń fi yangàn.

"Ìyẹn gan-an ni wàhálà. Ebi nìkan ni abẹ́rẹ́ mú kúrò lára yín, ara ṣì ń fẹ́ oúnjẹ. Bẹ́ ẹ ò bá fún un, iṣan apá yín ló máa jẹ. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ kẹ́ ẹ tó kan búrẹ́dì. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ mu omi dáadáa. Kẹ́ ẹ sì máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú iṣan le."

Ìyá Táyà bú sẹ́rìn-ín. "Eré ìdárayá? Èmi tí mò ń gbé táyà látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

"Ta ló gbé e lánàá, mà?"

Àbúrò rẹ̀ ni.

Ó ṣì ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, àmọ́ àtọjọ́ yẹn ni abọ́ ẹ̀wà ti dé ìdí iṣẹ́. Òórùn ẹja ń lé e sá, ó fi í sílẹ̀, ó di ẹyin mú. Kò wù ú jẹ, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Ó ń dìde lórí àga láìdi nǹkan kan mú, ó ń jókòó, ó tún ń dìde. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyá Táyà ń bá ògiri jà o!" ni àwọn ará ilé epo ń wí.

"Òun ló kọ́kọ́ bú mi!"

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí táyà ọ̀kadà, ó bọ́ sí ti ọkọ̀ kékeré. Bí àbúrò rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, á pariwo, "Fi táyà mi sílẹ̀!"

Ìwọ̀n rẹ̀ ò sáré wálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò bìkítà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù dé. Àbúrò rẹ̀ fa nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí, awakọ̀ bá a fà á, pàbó. Ìyá Táyà gba sípánà, ó lóṣòó, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ọ̀tì gbà. Awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Ìyá Táyà dìde fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá rí i pé ẹkún ló ń sun.

"Ẹ má bínú pé mo ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Bí agbára yín ṣe ń tán lọ́jọ́sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti màmá wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Àga la kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa jókòó lé. Wọn ò dìde níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Yẹ̀yẹ́ kúrò lẹ́nu obìnrin náà. Ó fi ọwọ́ girísì di èjìká àbúrò rẹ̀ mú, ó mì í, ó mì í dáadáa.

"Wò mí," ó ní. "Wò mí, ọmọ ìyá mi. Orí ìdúró ni mo wà."